Ohùn Ọ̀gá Mi àti Iṣẹ́ Tó Gba Ayé Mi

Ọmọ àbúrò mi, Estelle, tó ń múra àtiwọ yunifásítì, ló bi mí léèrè nígbà tí a jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé, "Tantí, iṣẹ́ wo gan-an lẹ ṣe títí ẹ fi fẹ̀yìn tì?" Faransé ló fi bi mí. Ó gbọ́ Yorùbá wa, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ máa ń wúwo tó bá fẹ́ sọ ọ́.

Mo ní, "Ohùn ènìyàn ni mò ń gbọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé mò ń ṣàwàdà ni. Ó ní òun ti gbọ́ pé ẹnjiníà ni mí, pé òun náà fẹ́ ṣe ẹnjiníà, ṣé kí òun wá ṣe irú tèmi? Mo ní kó jẹ́ kí n ronú sí i. Oòrùn mú, ẹsẹ̀ sì ń ro mí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá mi délé, kò sì kúrò lọ́kàn mi. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí, fún un àti fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ronú ohun tí wọn yóò fi ayé wọn ṣe. Kì í ṣe ìwúrí ni mo fẹ́ fún yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Abobo ní ìlú Abidjan ni wọ́n bí mi sí, wọ́n sì sọ mí ní Célestine. Kétu ní ilẹ̀ Benin ni bàbá àti ìyá mi ti wá. Tíṣà ni bàbá mi, kò sì fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kankan ṣe tíṣà. Mo mọ ìṣirò, mo sì mọ bí a ṣe ń tú rédíò palẹ̀ kí n sì tò ó padà, nítorí náà wọ́n ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Nígbà tí mo fẹ́ parí ẹ̀kọ́, wọ́n rán mi lọ kọ́ṣẹ́ ní yàrá ìwádìí kan ní Cocody, àdúgbò mìíràn ní Abidjan, èyí tí gbogbo wa ń pè ní lábò. Oṣù díẹ̀ ni mo yẹ kí n lò níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n máa lọ, èmi náà ò lọ. Bí mo ṣe ríṣẹ́ nìyẹn.

Ọ̀gá ibẹ̀ ni Mesié Kouassi. Ènìyàn kúkúrú ni, bàtà rẹ̀ máa ń dán, kì í sì í gbé ohùn sókè. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ mú. Tó bá bá ọ wí ní ìparí yàrá, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà yóò mọ̀ pé wọ́n ń bá ènìyàn wí.

Iṣẹ́ tí lábò náà ń ṣe ni pé a fẹ́ kí ẹ̀rọ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn sọ, kí ẹ̀rọ sì lè sọ̀rọ̀ padà. Tí ènìyàn bá sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ a máa mì. Ẹ̀rọ á gba mímì yẹn, á sọ ọ́ di nọ́ńbà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nọ́ńbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwòrán rí: ibi tó dúdú ní nọ́ńbà tirẹ̀, ibi tó funfun ní tirẹ̀. Nítorí náà a ń ṣiṣẹ́ lórí ohùn, a sì ń ṣiṣẹ́ lórí àwòrán pẹ̀lú. Iṣẹ́ wa ni láti wá ènìyàn rí nínú àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn.

Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo rò pé Mesié yóò fi kọ̀ǹpútà hàn mí. Kò fi hàn mí. Ó gbé téèpù kan fún mi, èyí tó fẹ̀ tó abọ́ ìjẹun, àti bébà gígùn tí wọ́n ti ya ìgbì ohùn sí lára. Ó ní kí n máa gbọ́ téèpù náà, kí n sì fi pẹ́ńsù fa ìlà síbi tí ìró kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Mo fa ìlà títí ọrùn fi ń dùn mí. Nígbà tí mo gbé e lọ fún un, ó fi ìka kan ibì kan.

"Níbo ni 'a' yìí ti bẹ̀rẹ̀?"

"Mesié, mo rò pé níbí ni."

"Mademoiselle, mi ò bi ọ́ léèrè ohun tí o rò. Kí lo gbọ́?"

Mo padà lọ gbọ́ ọ. Mo tún gbé e wá. Ó tún dá mi padà. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe é fún gbogbo ọdún àkọ́kọ́ mi. Kọ̀ǹpútà wà nínú yàrá tirẹ̀ tó tutù bí ilé yìnyín, ó tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù ìyá mi lọ, mi ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mesié ní ẹni tí kò bá mọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ kò ní mọ ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń parọ́ fún un.

Ẹnì kan ṣoṣo tí a jọ ń jẹ ìyà náà ni Brahima, ọmọ ẹ̀yà Dyula, tó ń gbé Abobo bíi tèmi. A jọ ń wọ gbàkà láàárọ̀, a jọ ń wọ̀ ọ́ padà nírọ̀lẹ́, a ó wà nínú bọ́ọ̀sì náà tí èjìká wa yóò máa gbá ara wọn, a ó sì máa sín Mesié jẹ: "Kí lo gbọ́? Kí lo gbọ́?" Àwọn èrò á máa wò wá. Ìyẹn ni ẹ̀rín tó pọ̀ jù tí mo rín ní gbogbo àsìkò yẹn.

Nígbà tó ṣe, Mesié ní òun fẹ́ kí ẹ̀rọ gbọ́ àwọn èdè tí wọ́n ń sọ ní ìlú yìí, kì í ṣe Faransé nìkan. Brahima mú bàbá rẹ̀ wá. Èmi mú ìyá mi. Ìyá mi wọ aṣọ tó fi ń lọ gba ara Olúwa, ó jókòó síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ń wò ó.

Mo ní, "Màmá, ẹ sọ̀rọ̀."

Ó ní, "Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀? Ta ló wà nínú ẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan, Màmá."

"Ṣé kí n wá máa dá sọ̀rọ̀ bíi wèrè lójú ọ̀gá rẹ?"

Mesié bi mí pé kí ni ìyá mi sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tó rẹ́rìn-ín nìyẹn. Ó gbé àga, ó lọ jókòó síwájú ìyá mi ní òdì kejì ẹ̀rọ náà, ó sì ń mirí bí ẹni tó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá mi bá sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ títí téèpù fi tán: bí wọ́n ṣe kúrò ní Kétu, bí òjò ṣe pa wọ́n ní Abobo nígbà tí wọn ò tíì kan òrùlé, àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Èdè wa yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ní Faransé, tí ohùn bá lọ sókè, ó lè jẹ́ pé ènìyàn ń bínú tàbí ó ń béèrè nǹkan. Ní tiwa, ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìyá mi á pe igbá, ẹ̀rọ á kọ ọ́ sílẹ̀ bí igba. Ọdún gorí ọdún, èmi àti ẹ̀rọ ń jà lórí òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn. Nígbà tó wá ń gbọ́ ohùn ìyá mi díẹ̀díẹ̀, ìyá mi ti kú. Wọ́n ní kí a máa mú ohùn ẹlòmíì wá, kí a tún bẹ̀rẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn, mi ò sì fẹ́ tàn yín. Ohun tí a bẹ̀rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí a parí lọ. A ṣe àwòrán àyà àwọn aláìsàn fún ilé ìwòsàn kan, kí dókítà lè rí ibi tó ṣókùnkùn dáadáa. Nígbà tó ń dára, àwọn tó ń fowó ràn wá lọ́wọ́ lọ ṣe nǹkan mìíràn. A ṣe àwòrán ewé kòkó tó ń ṣàìsàn, kí àgbẹ̀ lè tètè mọ̀. Ìyẹn náà dúró sójú ọ̀nà. Kọ̀ǹpútà ńlá yẹn di pàǹtí, wọ́n gbé èyí tó ń dúró lórí tábìlì wá, òun náà di pàǹtí. Gbogbo ìgbà tí irinṣẹ́ bá yí padà ni à ń kọ́ iṣẹ́ wa lákọ̀tun, bí ẹni tí kò ṣe é rí. Mi ò ka iye ìgbà tí mo di ọmọ iṣẹ́ padà.

Mesié ti dàgbà nígbà tí ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ha. A rò pé ọ̀fìnkìn ni. Kò lọ. Dókítà ní àìsàn burúkú ti wọ àpótí ohùn rẹ̀, àfi kí wọ́n gé e kúrò kí ó tó lè yè.

Èmi àti Brahima lọ bá a nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Brahima ló sọ̀rọ̀. "Mesié, ẹ jẹ́ kí a gba ohùn yín sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà. A lè fi ṣe ohùn fún yín lẹ́yìn náà."

Ó wò wá. Ó ní, pẹ̀lú ohùn tó ti dà bí àkísà, "Ohùn wo? Èyí? Ẹ ní ohùn mi nísàlẹ̀, ohùn tó dára. Ẹ lọ lo ìyẹn."

Òtítọ́ ló sọ. Ní gbogbo ọdún tí a fi ń dán ẹ̀rọ wò, òun ló máa ń ka gbólóhùn sínú téèpù. Yàrá tí a kó téèpù sí kún fún ohùn rẹ̀. A gbà pẹ̀lú rẹ̀, a sì fọkàn balẹ̀.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ó yè é. Ó padà sílé rẹ̀ ní àdúgbò Riviera pẹ̀lú ihò kékeré lọ́rùn, tí aṣọ funfun bò, àti síléètì ọmọ iléèwé tí ìyàwó rẹ̀ rà fún un kó lè máa kọ ohun tó bá fẹ́ sọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni òjò dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Abidjan, ẹ mọ irú òjò tí mò ń sọ. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ló fi rọ̀. Nígbà tí a dé lábò láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, kò sì kí wa. Ọwọ́ ló kàn nà sí ìsàlẹ̀. Kòtò omi ẹ̀yìn ilé ti dí, gbogbo omi òkè sì ti gba fèrèsé wọ yàrá téèpù. Ìsàlẹ̀ ni a kó wọn sí nítorí pé ibẹ̀ tutù, oòrùn kì í dé ibẹ̀.

Mo bọ́ bàtà mi, mo wọ inú omi náà. Ó mù mí dé itan. Páálí ti jẹrà, téèpù ti tú kúrò lára ara wọn, wọ́n ń léfòó bí ìfun ẹran. Bí mo bá fa ọ̀kan, òmíràn á tẹ̀ lé e. Ìwé tí a kọ orúkọ sí lára wọn ti bó. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ ohùn ìyá mi, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti bàbá Brahima. A kó wọn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a tẹ́ wọn sílẹ̀ bí aṣọ. Ẹrẹ̀ ti wọ gbogbo wọn. Brahima jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bo ojú.

Mo lọ jókòó tì í. Òun ló wá ń gbá mi lẹ́yìn, tó ń ní, "Yako, Célé. Yako." Ẹ mọ̀ pé bí a ṣe ń kí ẹni tí òfò ṣẹ̀ ní ìlú yìí nìyẹn. A ń kí ara wa bí ẹni tó lọ sin òkú.

Ohun tó kù kò ju téèpù díẹ̀ tí Brahima ti gbé lọ sókè, tó sì ti dà sínú kọ̀ǹpútà láti fi dán nǹkan wò. Nígbà tí a gbọ́ wọn, kì í ṣe gbólóhùn tí Mesié kà ló wà nínú wọn. Téèpù ìgbà tí à ń kọ́ṣẹ́ ni. Ẹ̀rọ ti ń gba ohùn kí a tó bẹ̀rẹ̀, Mesié sì ń bá wa wí. "Mademoiselle, ṣé o sùn ni?" "Brahima, tún un gbọ́!" "Rárá. Rárá. Ẹ padà sẹ́yìn."

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa nìyẹn. A gé ohùn náà sí wẹ́wẹ́, kí ẹ̀rọ lè máa ṣa á jọ láti fi pe ọ̀rọ̀ tuntun. Kò sẹ́ni tó ní kí a ṣe é, kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa. Nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ geere, mo gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan lọ sí Riviera ní ọjọ́ Sátidé. Mesié jókòó ní sàlúù, ìyẹn pálọ̀ wọn. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Akissi, dúró lẹ́yìn àga rẹ̀.

Mesié tẹ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. "Káàárọ̀, Akissi" ló kọ, ní Faransé. Ohùn rẹ̀ jáde, ohùn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ká olè mọ́lé ló ṣe kí ìyàwó rẹ̀.

Màmá Akissi pariwo ẹ̀rín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú. Nígbà tó yá, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín náà ni mọ́. Ó ń fi etí aṣọ nu ojú, ó ń ní, "Òun ni. Òun gan-an ni, Célestine."

Mesié kò rẹ́rìn-ín. Ó mú síléètì rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Fáwẹ́lì kúrú jù. Tún un ṣe."

Mo tún un ṣe. Mo gbé e padà wá. Ó ní ohùn kò sọ̀kalẹ̀ dáadáa níparí gbólóhùn. Mo tún un ṣe. Ó ní "s" ń hó bí epo gbígbóná. Báyìí ni mo ń lọ ní Sátidé: gbàkà láti Abobo, kí n bọ́ sílẹ̀, kí n wọ takisí àjùmọ̀wọ̀ tí à ń pè ní wôrô-wôrô, kí n fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà láyà mi bí ọmọ. Ọkọ mi bi mí lọ́jọ́ kan pé ta gan-an ni mo fẹ́. Mo lọ sùn, ó ti rẹ̀ mí jù láti jà. Ní lábò náà, wọ́n ń béèrè iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi. Mo ti ń di àgbàlagbà, mo tún padà di ọmọ tí wọ́n ń dá padà pé kó lọ tún gbọ́.

Ní Sátidé kan, lẹ́yìn tó tún kọ àṣìṣe mìíràn sí síléètì, mo lọ bá Màmá Akissi ní ilé ìdáná. Ó ń da attiéké, oúnjẹ tí a fi gbágùúdá ṣe, sínú àwo. Mo fara ti ògiri.

Mo ní, "Màmá, mi ò lè ṣe é mọ́. Kò ní dára ju báyìí lọ. Mi ò mọ ohun tí Mesié ń fẹ́."

Kò wò mí. Ó ń tú attiéké náà pẹ̀lú ìka.

"Célestine, ohùn yẹn ti dára tipẹ́. Tí o bá ti lọ, òun ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ó fi ń bá adìyẹ aládùúgbò jà."

"Kí ló wá dé tí kò gbà á lọ́wọ́ mi?"

Ó gbójú sókè nígbà yẹn. "Tó bá gbà á, kí ni wàá tún máa wá ṣe níbí?"

Mo fọ ọwọ́ mi. Lẹ́yìn náà mo bá a gbé àwo lọ sí sàlúù. Mesié na síléètì sí mi. Mo kà á. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mesié. Màá tún un ṣe." Ó mirí, bó ṣe máa ń mirí nígbà tí mo jẹ́ ọmọdébìnrin, a sì jọ jẹun.

Láti ìgbà náà, ìgbà mìíràn wà tí mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí mo ṣe gbé e lọ ni mo ṣe ń gbé e padà, òun náà á sì rí àṣìṣe tuntun nínú rẹ̀. Mo rò pé ó mọ̀. Etí rẹ̀ kò ṣàìsàn. Kò sí èyí tó sọ ọ́ jáde nínú àwa méjèèjì, títí àìsàn náà fi padà wá tó sì mú un lọ.

Àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní France fẹ́ kí a fi ẹ̀rọ náà kí àwọn èrò ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú. Màmá Akissi kọ̀. Ó ní, "Ó máa bá gbogbo yín wí ni. Ẹ jẹ́ kó sinmi." Wọ́n sì jẹ́ kó sinmi.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ tuntun dé, àwọn tó ń kọ́ ara wọn. Ìwọ á kó ohùn fún un, òun á lọ wá ọ̀nà rẹ̀. Ohun tí èmi àti Brahima fi gbogbo ọdún gé sí wẹ́wẹ́, ó ń ṣe é kí ènìyàn tó mu omi tán. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní lábò ń pè mí ní Tantí, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi, wọ́n sì ń gbé àga fún mi. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé ṣé ó ti gbọ́ ohùn tó fi kọ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní, "Tantí, ó pọ̀ jù, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ọ tán." Kò purọ́. Mi ò bínú sí i. Mo kàn rí i pé mo ti ṣe tèmi tán. Nígbà tí àkókò ìfẹ̀yìntì mi pé, mo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, Brahima sì mú mi lọ sí ibùdókọ̀. Gbàkà kún, a dúró de òmíràn.

Estelle, o bi mí bóyá kí o wá ṣe irú iṣẹ́ yìí. Mi ò lè ní kí o wá, mi ò sì lè ní kí o má wá. Iṣẹ́ náà yóò gba ọ̀pọ̀ nǹkan lọ́wọ́ rẹ, kò sì ní dúró kí o gbà á padà. Àwọn tó kọ́ ọ ni yóò kù sí ọ lára, kì í ṣe ẹ̀rọ. Tí o bá rí ẹni tó ń dá ọ padà pé kí o tún gbọ́, tí o sì lè fara dà á, bóyá ibẹ̀ ni o yẹ kí o jókòó. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Màmá Akissi pè mí lórí fóònù. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó ní kí n wá. Mo bi í pé ṣé nǹkan kan ti bàjẹ́ ni, ó ní rárá. Mo wọ ọkọ̀, mo dé Riviera pẹ̀lú eékún tó ń ro mí, mo bá a lórí àga níwájú ilé, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan. Mo jókòó. A kí ara wa tán, mo dákẹ́, nítorí pé ó rẹ̀ mí.

Ó nawọ́, ó wá ọwọ́ mi títí ó fi rí i.

Ó ní, "Sọ̀rọ̀, Célestine. Ohunkóhun. Ilé yìí dákẹ́ jù."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọkọ̀ tí mo wọ̀ wá. Mo sọ ti ẹsẹ̀ mi, mo sọ ti Estelle àti ìbéèrè rẹ̀, mo sọ ti owó ẹja ní ọjà Abobo. Ó fi orí ti àga, ó di ojú, ó ń gbọ́. Ìgbàkígbà tí mo bá dákẹ́, á fún ọwọ́ mi pọ̀ díẹ̀, èmi náà á tún bẹ̀rẹ̀.